Ìkìlọ̀ ewu 3 nínú 5 ní Berthoud Pass: ṣé ká lọ, àbí ká yí ọ̀nà padà?

Akin_Denver
Ẹ kú otútù o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa mẹ́rin fẹ́ fi síkì, pákó gígùn tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín, gun òkè nítòsí Berthoud Pass, ibi tí ọ̀nà mọ́tò ti gba orí òkè kọjá ní Colorado, lọ́jọ́ Sátidé. Kì í ṣe inú ọgbà síkì tí wọ́n ti ń bá èèyàn ṣọ́ òkè o, ẹ̀yìn odi gan-an ni. Òjò dídì ti ń rọ̀ láti Ọjọ́rú, yìnyín tuntun tó 35 sẹ̀ǹtímítà, ẹ̀fúùfù sì ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ kíkankíkan. CAIC, àjọ tó ń kìlọ̀ nípa avalanche, ìyẹn yìnyín tó ń ya kúrò lójú òkè tó sì ń já wálẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Colorado, fi ewu sí 3 nínú 5 níbi tí igi ti ń dópin àti lókè ibẹ̀, wọ́n fi 2 sísàlẹ̀. Wọ́n kọ "persistent slab" sí ojú òkè tó kọjú sí àríwá títí dé ìlà-oòrùn. Ní Sátidé, oòrùn máa ràn, ojú ọ̀run á mọ́ kedere. Ṣé 3 yẹn kì í ṣe àárín méjì lásán? Gbogbo wa la ní beacon (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi àmì ránṣẹ́ tó sì ń gbà á, kí wọ́n lè fi wá ẹni tí yìnyín bò), ọ̀pá ìgúnyìnyín tí wọ́n fi ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti ṣọ́bìrì.

Bọ̀ọ̀dáDélé_Golden
Àbúrò Akin, o ṣeun tó o béèrè kó o tó lọ. 3 kì í ṣe àárín. Ìwọ̀n yẹn kì í ṣe àkàbà tí àlàfo ìgbésẹ̀ rẹ̀ bára mu, ńṣe ni ewu ń di ìlọ́po bó ṣe ń gòkè. Ní 2, yìnyín kì í sábà ya fúnra rẹ̀, àmọ́ èèyàn lè mú un ya. Ní 3, ó lè ya fúnra rẹ̀, bí èèyàn bá sì tẹ̀ ẹ́, àfàìmọ̀ kó má ya. Tó bá di 4, ọ̀pọ̀ èèyàn á ti jókòó sílé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé abẹ́ ìkìlọ̀ 3 ni òkú ti ń pọ̀ jù: ewu ti tóbi, kò kàn tíì tóbi tó láti lé èèyàn padà sílé ni.

Nínú ìjàǹbá mẹ́wàá tó pa èèyàn, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ẹni tí yìnyín bò, tàbí ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ló tẹ̀ ẹ́ tó fi ya. Nítorí náà, ọwọ́ yín ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Sátidé yìí wà.

Ní ti oòrùn tó máa ràn, ojú là ń rí o. Ọ̀run mímọ́ kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ohun tó wà lábẹ́ 35 sẹ̀ǹtímítà yẹn. Ẹ̀fúùfù ni kẹ́ ẹ wò. Bó ṣe ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́, ńṣe ló ń gbá yìnyín kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn, tó ń kó o dà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn lábẹ́ góńgó òkè. Ó lè kó o jọ ní ìlọ́po mẹ́wàá bí òjò dídì ṣe ń rọ̀ látọ̀run. 35 sẹ̀ǹtímítà tẹ́ ẹ rí lórí ilẹ̀ títẹ́jú lè ti di mítà kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Ojú òkè kan náà ni CAIC sọ pé ìpele tí kò lágbára wà nísàlẹ̀. Ẹrù tuntun ti wà lórí ìpìlẹ̀ tó ti jẹrà nìyẹn.

ÌyáÌbejì_Boulder
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé "persistent slab" yẹn, torí òun gan-an ni kókó. Pátákó yìnyín ni: yìnyín tó ti so pọ̀ di odidi bíi pákó fẹ̀ǹfẹ̀, tó wá jókòó lórí ìpele kan tí kò so mọ́ nǹkan kan. Tí ìpele yẹn bá fọ́ níbì kan, fífọ́ rẹ̀ á sáré lọ lábẹ́ pákó náà, odidi ojú òkè á já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí avalanche tó ń pa èèyàn jù ṣe máa ń rí nìyẹn, kì í ṣe yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀.

Ibo ni ìpele burúkú yẹn ti wá? Oṣù October àti November ló ti wá, ní Colorado níbi. Yìnyín àkọ́kọ́ máa ń rọ̀, kò ní nípọn, ojú ọ̀run á wá mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ń súnmọ́ dígírì 0 nígbà gbogbo. Ká ní ojú yìnyín bọ́ sí 20 lábẹ́ òdo lóru, tí yìnyín náà kò sì nípọn ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ dígírì 50 fún mítà kan. Tó bá ti lé ní dígírì 10 fún mítà kan, ooru omi á máa gòkè láti ìsàlẹ̀, á máa dì mọ́ àwọn hóró tó wà lókè, àwọn hóró náà á sì máa di ńlá, olójú gígún, tí ọ̀kan kò ní lẹ̀ mọ́ èkejì. Tí wọ́n bá dàgbà tán, wọ́n lè tó mìlímítà 4 tàbí 5, wọ́n á rí bí ife kékeré tó ní ìlà lára.

Ẹ bù ú sọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó. Bí gàrí Ìjẹ̀bú gbígbẹ ló ṣe máa ṣàn gba àárín ìka yín. Ẹ gbìyànjú láti fi ṣe bọ́ọ̀lù, kò ní gbà. Yìnyín ṣúgà làwọn èèyàn ń pè é níbí. Ojú òkè tó kọjú sí àríwá ló ń pẹ́ sí jù, torí oòrùn kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Ó lè wà níbẹ̀ láti October di April. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní "persistent" nìyẹn: ẹrù tí yìnyín tuntun dá lé ìpele míì máa ń fara balẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, àmọ́ ti èyí kì í tètè rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí yìnyín kò ya kò túmọ̀ sí pé ó ti sàn.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wà lórí òkè náà kó tó ya. Ẹ lè dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ ìpele yẹn fọ́, kí fífọ́ náà sáré gun òkè, kó sì já pákó náà lé yín lórí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sheep Creek lẹ́gbẹ̀ẹ́ Loveland Pass ní ọjọ́ 20 oṣù April ọdún 2013 nìyẹn. Èèyàn mẹ́fà ni. Wọ́n ti ka ìkìlọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n mọ̀ pé ojú òkè tó kọjú sí àríwá ló léwu, ètò wọn sì ni láti gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ síbi tó sàn jù. Ibi tí wọ́n ti ń kọjá nísàlẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni yìnyín gbé, márùn-ún kú. Ẹnì kan ṣoṣo tó yè, yìnyín bò ó débi tí kò lè yọ ara rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni lóde tó máa fi beacon wá àwọn yòókù.

Akin_Denver
Ha. Mo dúpẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀rù bà mí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ òkè yẹn, torí ọ̀nà tá a yàn gba inú ọ̀gbun tóóró kan ká tó dé ibi tí igi pọ̀ sí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé a ti jìnnà tó?

TáyéSLC
Mo wà ní Utah, ẹ jẹ́ kí n mú apá ti dígírì. Pátákó yìnyín sábà máa ń ya níbi tí òkè ti da gẹ̀rẹ́ láàárín dígírì 30 sí 45, bíi 38 ló sì wọ́pọ̀ jù. Lábẹ́ 30, kò wọ́pọ̀ kó já. Tó bá ga ju bíi 50 lọ, yìnyín kì í dúró níbẹ̀ pẹ́ kó tó máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé 30 sí 40 yẹn gan-an ló dùn jù fún síkì.

Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀pá síkì yín sórí yìnyín kó dà gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú òkè, kẹ́ ẹ gbé fóònù tàbí kọ́ńpáàsì tó ní ìwọ̀n dígírì lé e. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ tó fi àwọ̀ hàn bí òkè ṣe da gẹ̀rẹ́ tó. Àmọ́ ẹ mọ àléébù rẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi ìwọ̀n ilẹ̀ tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mítà 10 ṣe. Gegele kékeré kan tó ga ní mítà 6, tó sì da gẹ̀rẹ́ ní dígírì 38, kò ní hàn níbẹ̀ rárá. Ojú àwòrán á sọ pé 27, ẹsẹ̀ yín á bá 38.

Ní ti ìbéèrè rẹ, dígírì ibi tẹ́ ẹ dúró sí nìkan kò tó. Dúró síbi tó o fẹ́ gbà, gbé ojú sókè sí góńgó ibi tí yìnyín ti lè já, kó o wọn dígírì láti ojú rẹ dé ibẹ̀. Tó bá lé ní 25, o wà níbi tó máa dé. Tó bá wà láàárín 18 sí 25, yìnyín ńlá lè dé ibẹ̀. Tó bá kéré sí 18, ọkàn rẹ lè balẹ̀ díẹ̀. Wo igi náà: tí ẹ̀ka bá ti ya kúrò ní apá tó kọjú sókè òkè, tó kù ní apá ìsàlẹ̀ nìkan, yìnyín ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Igi kò sì ń dá yìnyín dúró tí àárín wọn bá fẹ̀ débi tí síkì lè gbà kọjá láìdẹwọ́.

Ọ̀gbun tóóró tó o sọ yẹn, ẹ yẹra fún un. Yìnyín díẹ̀ tí kò ní bo èèyàn ju orúnkún lọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lè kóra jọ ní mítà mẹ́ta nínú ọ̀gbun. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí odò, bèbè àpáta, àti ẹ̀yìn ọ̀nà mọ́tò tí wọ́n gé wọnú òkè.

Akin_Denver
A gbọ́, a máa yí ọ̀nà padà. Àmọ́ tá a bá gbẹ́ kòtò tá a sì dán yìnyín wò, tó bá yege, ṣé kò lè fún wa láyè láti gun ọ̀kan nínú àwọn ojú òkè tó da gẹ̀rẹ́ tó dígírì 35?

ÌyáÌbejì_Boulder
Rárá, ọmọ mi. Àyẹ̀wò kòtò lè gba ẹnu rẹ sọ "má lọ". Kò lè gba ẹnu rẹ sọ "máa lọ" nígbà tí CAIC ti sọ pé ewu wà.

Mo sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kẹ́ ẹ lè rí ìdí rẹ̀. Ẹ wá ibi tó kọjú síbi kan náà, tó sì ga tó ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ṣùgbọ́n tí kò sí nǹkan kan lókè rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ títí dé ilẹ̀ tí ẹ bá lè dé ibẹ̀, ẹ gé odi òkè rẹ̀ kó dán. Ẹ wá fi okùn tó ní kókó tàbí ayùn yìnyín ya òpó kan sọ́tọ̀: 90 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, 30 ní jíjìn sẹ́yìn. Ẹ gbé abẹ ṣọ́bìrì lé igun kan, kì í ṣe àárín. Ẹ gbá a ní 10 láti ọrùn ọwọ́, 10 láti ìgúnpá, 10 láti èjìká. Tí ìlà kan bá yọ lábẹ́ ṣọ́bìrì tó sì sáré dé ìpẹ̀kun 90 náà ní gbígbá kan náà tàbí èyí tó tẹ̀lé e, yìnyín náà lè já gbalaja. Ẹ kọ iye gbígbá sílẹ̀ àti bí ó ṣe jìn tó. Tí ìlà náà bá dúró lábẹ́ ṣọ́bìrì, tí kò sáré, ìyẹn yàtọ̀.

Ibi tó ti ń tàn èèyàn jẹ rèé. Tí ìpele ṣúgà bá ti jìn ju bíi mítà kan lọ, agbára gbígbá yín kò ní dé ibẹ̀. Ẹ máa gbá 30 tán, òpó á dúró gbọnyin, ẹ máa rò pé ó yege. Bẹ́ẹ̀, mítà 20 sí ọwọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tó yọrí díẹ̀, yìnyín kan náà kò nípọn ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹsẹ̀ ẹnì kan á tẹ ibẹ̀, pákó náà á sì já láti ibẹ̀ lọ kan ibi tẹ́ ẹ gbẹ́. Nítorí ìdí kan náà, ojú ẹsẹ̀ síkì ẹni mẹ́wàá lórí òkè kò fi hàn pé kò léwu. Ẹni kọkànlá lè jẹ́ ẹni tó máa tẹ ibi tó fẹ́lẹ́.

TáyéSLC
Màmá, ẹ fojú jìn mí, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ kòtò kan ń gba ìṣẹ́jú 20 sí 30, ibì kan ṣoṣo ló sì fi hàn. Lójú tèmi, ó sàn kí wọ́n máa yí ọ̀pá síkì dojú délẹ̀, kí wọ́n máa fi ìdí rẹ̀ tẹ yìnyín ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dúró. Tó bá kọ́kọ́ le, tó wá ṣàdédé rì bí ẹni já sí ofìfo, ìpele burúkú wà níbẹ̀. Ibi 20 lọ́nà yìí dára ju kòtò kan lọ.

ÌyáÌbejì_Boulder
Mo gbà fún ọ, Táyé, àmọ́ ọ̀pá yẹn á sọ pé ìpele wà, kò ní sọ bóyá fífọ́ rẹ̀ á sáré. Kí wọ́n ṣe méjèèjì, kí wọ́n má fi èyíkéyìí ra ìgboyà.

Bọ̀ọ̀dáDélé_Golden
Àmì tó lágbára ju méjèèjì lọ, òkè fúnra rẹ̀ ló ń fọhùn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "húùm̀" lábẹ́ ẹsẹ̀, bí ilẹ̀ tó wọlé díẹ̀, ìpele náà ló fọ́ yẹn. Tí ìlà bá ya láti iwájú síkì yín lọ bí díńgí tó sán, tàbí tẹ́ ẹ bá rí ibi tí yìnyín ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ya lójú òkè tó kọjú síbi kan náà, ẹ yí padà sí ilẹ̀ tí kò tó dígírì 30, láìjiyàn. Ooru òjijì náà wà nínú rẹ̀, pàápàá lọ́sàn-án Sátidé tí oòrùn máa ràn.

Ní ti rínrìn, tẹ́ ẹ bá máa gba ibikíbi tí òkè ga sókè rẹ̀, ẹnì kan kan ni kẹ́ ẹ máa kọjá, kí àwọn yòókù tẹ ojú mọ́ ọn láti ibi tí yìnyín kò lè dé. Ẹ má dúró láàárín òkè kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ tàbí kẹ́ ẹ máa jẹun. Ẹ bọ́ okùn ọ̀pá síkì kúrò lọ́wọ́, torí ọ̀pá tó so mọ́ ọwọ́ ń fa èèyàn sísàlẹ̀ nígbà tí yìnyín bá gbé e. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin mẹ́rin tó bá ní "ẹ jẹ́ ká padà," ẹ padà. Kí onítọ̀hún má ṣe níláti ro ẹjọ́.

OníṢọ́bìrì
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Akin sọ pé gbogbo wọn ló ní beacon. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ wo aago. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n yọ láàárín ìṣẹ́jú 10, bíi mẹ́sàn-án ń yè. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30, ó já sí bíi mẹ́ta. Bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin tó kú, ìfarapa ló pa á, igi tàbí àpáta, beacon kò sì rí tìyẹn ṣe. Ẹ̀yin mẹ́rin náà ni ambulance ara yín. Àwọn tẹ́ ẹ bá pè kò lè dé láàárín ìṣẹ́jú 10.

Tí yìnyín bá gbé ẹnì kan, ẹ tẹ ojú mọ́ ibi tẹ́ ẹ rí i kẹ́yìn. Ẹ wo òkè bóyá òmíràn ṣì lè ya. Lẹ́yìn náà, gbogbo yín pátápátá ni kẹ́ ẹ yí beacon sí wíwá. Ẹyọ kan tó kù lórí fífi àmì ránṣẹ́ á máa pe ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, àsìkò á lọ lófo. Ẹnì kan lè pe 911 tàbí lo ẹ̀rọ sátẹ́láìtì; tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo kù, wá a ná.

Ẹ wò ojú yìnyín pẹ̀lú: ìbọ̀wọ́, síkì tàbí ọwọ́ lè yọrí. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń wá, kí ó máa lọ síwá-sẹ́yìn, kí àlàfo ìlà rẹ̀ má ju mítà 40 lọ. Nígbà tí beacon bá mú àmì, ọfà rẹ̀ á mú yín gba ọ̀nà kọrọdọ, ẹ tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ni kó máa dínkù. Ẹ sáré títí di mítà 10, kẹ́ ẹ wá dẹ ẹsẹ̀. Ní mítà 3, ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbé beacon súnmọ́ ojú yìnyín gan-an, ẹ máa fà á lọ síwájú àti sẹ́yìn, lẹ́yìn náà sọ́tùn-ún àti sósì, láìyí ojú rẹ̀ padà. Ibi tí nọ́ńbà ti kéré jù ni kẹ́ ẹ sàmì sí.

Ọ̀pá ìgúnyìnyín wá kàn. Ẹ gún un kí ó ṣe igun tó tọ́ pẹ̀lú ojú òkè, kì í ṣe kí ó dúró ṣánṣán bí òpó iná. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀, ó sì ń mú kí èèyàn gún ẹ̀gbẹ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ kọjá. Láti ibi tẹ́ ẹ sàmì sí, ẹ máa yí po bí ìkarahun ìgbín, àlàfo 25 sẹ̀ǹtímítà. Ara èèyàn á rọ̀ díẹ̀, á sì tì yín padà. Ilẹ̀ le, igi ń dún. Tẹ́ ẹ bá kàn án, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ka ìwọ̀n jíjìn rẹ̀.

Ibi wíwà ni aago ti ń jẹ jù, torí yìnyín tó ya máa ń dì bíi kọnkéré. Ẹ má wà á tààrà láti òkè, torí ẹsẹ̀ yín á tẹ èèyàn náà mọ́lẹ̀, ihò mímí rẹ̀ á dí. Ẹ lọ sísàlẹ̀ òkè ní ìlọ́po 1.5 jíjìn rẹ̀: tó bá jìn ní mítà 1, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 1.5 sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wà wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni iwájú ń fi ṣọ́bìrì gé yìnyín ní búlọ́ọ̀kù, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fi ṣọ́bìrì wà á dà sẹ́yìn bí ẹni ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má gbé e sókè. Kí ẹni iwájú yí padà kó tó rẹ̀ ẹ́, bíi ìṣẹ́jú kan. Orí lẹ kọ́kọ́ ń wá: ẹ yọ yìnyín kúrò lẹ́nu àti imú, ẹ yọ tàyà kí ẹ̀dọ̀fóró ráyè. Tí kò bá mí, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu kẹ́ ẹ tó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun èlò: ọ̀pá tó gùn tó 240 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, 300 dára jù. Ṣọ́bìrì irin, torí oníke máa ń ṣẹ́ lára yìnyín tó ti dì. Beacon wà lára yín lábẹ́ aṣọ òkè, kì í ṣe nínú báàgì tí yìnyín lè já gbà. Fóònù àti ìbọ̀wọ́ oníná jìnnà sí i ní 20 sẹ̀ǹtímítà nígbà tó ń fi àmì ránṣẹ́, 50 nígbà wíwá. Àfi tí ìwé rẹ̀ bá gba òmíràn, bátìrì alkaline ni kẹ́ ẹ fi sí i: èyí tí wọ́n ń gba iná sí máa ń fi iye tó kù pa irọ́. Báàgì tó ń fẹ́ bíi bàlúùnù náà ń ṣe èèyàn lóore. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014, ó dín ikú kù láti 22 nínú 100 sí 11 láàárín àwọn tí yìnyín gbé dáadáa. Kò ní gbà yín lọ́wọ́ igi tàbí ọ̀gbun.

Akin_Denver
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ètò tuntun rèé. Kò sí ojú òkè tó kọjú sí àríwá títí dé ìlà-oòrùn nínú rẹ̀. Ibi tí kò tó dígírì 28 nìkan, nísàlẹ̀ ibi tí igi dópin, a sì ti wo òkè orí rẹ̀ lórí àwòrán, kò sí ibi tó da gẹ̀rẹ́ ju dígírì 30 lọ níbẹ̀. Lálẹ́ Ẹtì, a máa sin báàgì tó ní beacon nínú yìnyín ẹ̀yìnkùlé, ká wá a títí tá a fi máa yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Àárọ̀ Sátidé, kí kálukú kọjá lójú ẹnì kan tó ń wá ní mítà 20, láti rí i pé beacon rẹ̀ ń fọhùn. Aago kan ọ̀sán, a ti ń bọ̀.

Bọ̀ọ̀dáDélé_Golden
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n 28 tẹ́ ẹ rí lórí àwòrán yẹn, ẹ tún un wọ̀n pẹ̀lú ọ̀pá síkì nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, torí ohun tí Táyé sọ nípa gegele kékeré. CAIC á gbé ìkìlọ̀ Sátidé jáde ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Tó bá yí padà, ètò yín náà yí padà. Ẹ fi orúkọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ sí àti aago tẹ́ ẹ máa padà sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé.

Tẹ́ ẹ bá ń gba US 40 gòkè láti ìhà Denver, ẹ máa kọjá nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ń pè ní Stanley. Yìnyín máa ń ti òkè já sórí ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ti ọ̀nà pa kí wọ́n lè fi ohun abúgbàù já a kí ó tó já fúnra rẹ̀. Ẹ má páàkì síbẹ̀, ẹ má sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láti ya fọ́tò.

Akin_Denver
Stanley, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. A máa páàkì lórí Pass gan-an.